Ta Ni “Wọn” Nínú Ìwé Ìrìnàjò Wa?

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Oníwèé,
                                        Ilé Kọkànlá, Òpópónà Kejì,
                                        Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Atẹ̀wé tèmi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀? Ọmọ-ọmọ rẹ tó ń hu eyín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rójú sùn? Iṣẹ́ ọ́fíìsì ńkọ́, àbí ọ̀gá rẹ ṣì ń ní kí o tẹ lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó tún wá sọ pé ti àkọ́kọ́ ló dára jù? Pẹ̀lẹ́ o. Àwa náà ń bẹ. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì wà bó ṣe wà. Bí mo bá ti dúró lọ aṣọ láti àárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti ń bá mi jà.

Kí o tó kà síwájú, jọ̀wọ́ yí àpò lẹ́tà yìí padà, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Gọ́ọ̀mù ni n ó fi lẹ̀ ẹ́, n ó sì tún fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí o bá rí i pé ó ti ṣí níbì kan, kọ̀wé sí mi kíá. Mi ò fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, torí pé Nọ́ọ̀sì, àbúrò mi obìnrin, ló ra fóònù náà fún mi, òun náà ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi ò mọ ohun tó fi sínú rẹ̀.

Ṣé o rántí kàlẹ́ńdà tí ìyá wa gbé kọ́ ògiri, èyí tó ní àwòrán ìlú ńlá kan ní Yúróòpù, tí odò gba àárín rẹ̀ kọjá? Ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gbà ká yọ ọ́. Títí dòní, Ìlú Kàlẹ́ńdà la ń pè é nílé wa. Ó dára, àwa ọmọ ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pinnu láti lọ fojú ara wa rí i lọ́dún yìí, fún ọjọ́ mẹ́fà. Ẹnjiníà, àbúrò mi ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe, ló ń bá wa ṣètò ìrìnàjò náà.

Lọ́jọ́ tá a jókòó lé e lórí, ó mú ìwé àjákọ kan jáde, ó ti to ètò mẹ́ta sínú rẹ̀. Èkíní ló pè ní ètò ẹlẹ́sẹ̀: kéèyàn sùn sílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn sí, ẹni mẹ́jọ nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì; kó máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri, kó jẹ búrẹ́dì àti ẹja agolo lórí bẹ́ńṣì, kó sì dúró de ọjọ́ tí wọn kì í gbowó lẹ́nu ọ̀nà ilé àwòrán. Èkejì ni ètò oníbọ́ọ̀sì: òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, oúnjẹ gbígbóná lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ̀kẹta, ètò onítakisí, ẹ̀rín la kàn fi í rín. Òtẹ́ẹ̀lì etí odò ni, tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè. Takisí yóò wá pàdé èèyàn ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, onítọ̀hún yóò sì jẹun nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú àbẹ́là lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó bá lọ bẹ́ẹ̀ yóò gbàgbé ọ̀nà ilé. A rẹ́rìn-ín, a sì fẹnu kò sí ètò oníbọ́ọ̀sì. Gbogbo wa pátá. Ọjọ́ náà gan-an ni mo dá owó tèmi.

Àtìgbà náà ni ara ti ń fu mí. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bí mo bá yọjú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé oòrùn mú lónìí. Lọ́jọ́ kan Nọ́ọ̀sì wò mí títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì lè gun bẹ́ẹ̀dì òkè báyìí?” Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí o, òun kàn ń béèrè ni. Ìwọ náà gbọ́ o, ta ló máa ń kàn béèrè irú ìyẹn? Ṣé kí n sanwó ètò oníbọ́ọ̀sì, kí n wá lọ máa sùn lókè àjà bí ẹyẹlé?

Kò pẹ́ sí i, bàbá ìyàwó Ẹnjiníà, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, pè é lójú mi, wọ́n sì ń bi í bí òtútù ibẹ̀ ṣe máa ń mú tó. Kí ló kàn wọ́n nínú òtútù ibi tí wọn ò lọ? Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo rí ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ eérú kan tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá àlejò Ẹnjiníà. O mọ̀ pé èmi kì í ṣìnà nídìí aṣọ. Mo fọwọ́ kan kọ́là rẹ̀, mo gbóòórùn òróró tí bàbá náà fi ń pa orí.

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà wá hàn sí mi gbangba. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ fún Ẹnjiníà lọ sílé rẹ̀. Ìyàwó wa ń wẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ sì kọrí bọ inú fíríìjì oníbàárà kan lẹ́yìnkùlé. Ìwé àjákọ náà wà lórí tábìlì, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo yí i padà. Mi ò rí ju ojú ìwé kan lọ kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo rí tó mi. Ó fa ìlà sí i láàárín, ó kọ TIWA sápá kan, ó kọ TI WỌN sápá kejì. Mo há a sórí bó ṣe wà:

“Ti wọn: ètò onítakisí. Òtẹ́ẹ̀lì etí odò, bẹ́ẹ̀dì méjì. Wọn ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn kankan. Tiwa: ètò ẹlẹ́sẹ̀. Búrẹ́dì. Ká pa á mọ́ra títí a ó fi dé ọ̀hún.”

Ta ló ń jẹ́ “wọn”? Wọn kì í ṣe ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀dì méjì: bàbá kan, ìyá kan. Ìyá ìyàwó wa pàápàá, bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí mọ́. Ó yé mi kedere. Wọ́n fẹ́ fi owó tí mo fi orúnkún yìí dúró kó jọ gbé àwọn àna wọn wọ takisí, kí èmi wá máa jẹ búrẹ́dì lórí bẹ́ńṣì bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀! Èmi tí mo lọ aṣọ oníaṣọ títí àwọn méjèèjì fi jáde ilé ìwé. Ó dùn mí wọ egungun.

Mi ò bá wọn jà. Mo ní kí Ẹnjiníà fún mi ní páṣípọ́ọ̀tù mi, pé mo fẹ́ wo ọjọ́ tó máa parí, mo sì mú un lọ. Ó wà níbi iṣẹ́ wa báyìí, láàárín àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ pátápátá lórí pẹpẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ dé. Ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ni wọ́n fún wa láti wá béèrè físà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bí tèmi ò bá sí níbẹ̀, ti gbogbo wa ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí ọjọ́ mìíràn kí ìsinmi Nọ́ọ̀sì tó tán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn.

Lánàá, ìyàwó wa yà kí mi. Mo ní kó bá mi kí àwọn òbí rẹ̀, kó sọ fún wọn pé odò náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi owó ara wọn wọ takisí. Ó ní, “Odò wo, ẹ̀gbọ́n mi?” Wo bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe! Mo ní kó má fojú mi gbolẹ̀, mo tún sọ ọ̀rọ̀ míì tí mi ò lè kọ síbí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ń lọ. Mo ní ẹkún ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ ni.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé láàárọ̀ nìyẹn tí mo fi lọ síbi iṣẹ́. Mo ti padà dé báyìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù.

Mo ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ lọ́sàn-án nígbà tí ìyàwó wa wọlé, ìwé àjákọ náà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò kí mi, ẹni tí ìkíni rẹ̀ máa ń sú mi tẹ́lẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò yí i sí ojú kejì.”

Mo ní mi ò yí nǹkan kan. Ló bá yí i fúnra rẹ̀, ó ń fìka tọ́ ọ, ó ń kà á: “Orúnkún wọn ọ̀tún. Ká bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá wọ́n ní àga nínú bálùwẹ̀. Nọ́ọ̀sì á bá wọn sùn, kó lè máa bá wọn fi òróró ra á. Èmi á lọ sí yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé àwa ń fẹsẹ̀ rìn, wọn ò ní gbà láé.”

Ó gbójú sókè. “Ṣé orúnkún bàbá mi nìyí ni, àbí ti màmá mi? Ẹ̀gbọ́n mi, nínú gbogbo wa, ta la máa ń pè ní ‘wọn’?”

Mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ títí èéfín fi rú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ṣé o máa gbà pé n kò tíì jọ̀wọ́ ara mi? Mo ní, “Ẹ̀wù òtútù bàbá rẹ wá ńkọ́?” Ó ní bàbá òun fi yá Ẹnjiníà ni, kí òtútù má bàa pa á sójú ọ̀nà.

Ìtìjú bò mí, mi ò rí ibi wò. Mo bẹ ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Mo tú gbogbo aṣọ pẹpẹ ìsàlẹ̀ yẹn, mo yọ páṣípọ́ọ̀tù, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní sọ fún àwọn yòókù pé mo ti mọ̀. Tí takisí náà bá dé, n ó wọ̀ ọ́, n ó sì ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, èmi ni mo sì fà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ, kí o sì fẹnu ko ẹ̀rẹ̀kẹ́ eléyín tuntun yẹn fún mi.

Ṣùgbọ́n kí n tó lẹ àpò yìí pa, kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Báwo ni mo ṣe ka ọ̀rọ̀ ara mi tí mi ò mọ̀ pé èmi ni? Nígbà tí ìyá wa wà láyé, “ìwọ” ni mí. Ìwọ, wá jẹun. Ìwọ, bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí wọ́n lọ ni mo di “ẹ̀yin,” tí mo di “wọn,” lẹ́nu àwọn ọmọ tí mo tọ́. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ pàápàá, “ẹ” ló ń pè mí. Ọ̀wọ̀ ni, mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, mi ò tíì di wọn. Ìwọ nìkan ló kù láyé yìí tó ń pè mí ní ìwọ. Jọ̀wọ́, tọ́jú ara rẹ. Má ṣáájú mi lọ.

                                        Èmi ni “ìwọ” tìrẹ,
                                        Oníáyọ́ọ̀nù.