Agbádá Ẹtù Tí Ẹ Tọ́jú De Ọjọ́ Náà

Bàbá mi tí í jí ṣáájú àkùkọ,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Levenshulme ni mo ṣì wà, ní Manchester, níbi tí òjò ti ń kan fèrèsé bí agbowó-orí. Ara mi le. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sì sí ọmọ tí mo lè pàṣẹ fún mọ́ pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Èmi gan-an ni wọ́n ń pàṣẹ fún báyìí.

Ràṣídá ló fà á. Ọmọ-ọmọ yín ti di nọ́ọ̀sì ní Bolton, gbogbo ohun tó bá rí lára mi ló ń fún lórúkọ àìsàn. “Bàbá, ẹ kì í sùn, ọkàn yín kì í dúró lójú kan!” Ló bá fi orúkọ mi sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Stockport Road. Ẹ má bínú. Mo ṣì ń kírun. Bí wọ́n bá ń tẹrí ba fún ère tó wà níbẹ̀, àjà ni èmi máa ń wò.

Olùkọ́ wa jẹ́ òyìnbó tó ti pa orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ tì, tó gbé òmíràn tó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin sí Jẹ́bà wọ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń kọ́ wa pé àkókò kò sí rárá, inú ọkàn èèyàn ló ń gbé. Àmọ́ tí aago mẹ́wàá bá ti lù báyìí, ó ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta, pẹ̀lú àkókò tí kò sí.

Síbẹ̀, mi ò lè bú u tán. Ó kọ́ wa pé ẹni tó jí ni ìtumọ̀ Búdà, àti pé ọ̀pọ̀ wa ló ń rìn kiri lójú oorun, tí à ń dúró de ọ̀la kí ayé wa tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín.

Ẹ̀yin lẹ máa ń jí ṣáájú gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n ọ̀la lẹ máa ń jí sí. Tí ọkọ̀ bá máa gbéra lọ́sàn-án, ẹ ti wà ní gáréèjì láti ìdájí, àpò lórí itan, ẹ ń gbọn orúnkún. Agbádá ẹtù yín ńkọ́? Ẹ rán an, ẹ fi káfúrà tí í lé kòkòrò sí i, ẹ tì í mọ́nú àpótí de ọjọ́ náà. Ọjọ́ wo? Ìgbéyàwó mi dé, kì í ṣe òun. A sọ Ràṣídá lórúkọ, kì í ṣe òun. Nígbà tí ẹ wá papòdà, aṣọ funfun la fi wé yín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ẹtù ò bá yín lọ síbì kankan. Kí lẹ ń retí, Bàbá? Èmi tí mo jogún rẹ̀ náà ńkọ́? Mo gbé e wá sí Manchester, mo ra káfúrà tuntun.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, a dìde láti na ẹsẹ̀. Olùkọ́ ń ṣàlàyé pé àná ti lọ, kò sí níbì kankan mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ikọ́ yín, Bàbá: kékeré kan, ńlá kan. Mo yíjú. Ọkùnrin arúgbó kan ló dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì bíi tiyín. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

Àwọn yòókù rò pé ara ẹ̀kọ́ ni. Obìnrin méjì nà gbalaja tẹ̀lé mi. Olùkọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, omi lé sójú rẹ̀.

“Ẹ wò ó! Báyìí ni èèyàn ṣe ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀!”

Ọmọ Jàmáíkà tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn náà ni bàbá yẹn, òun ló ní kọ́kọ́rọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ wò mí.

“Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan o? Bọ́ílà tí ò mú ilé gbóná mọ́ ni mo wá wò o.”

Mo rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ sí mi lọ́kàn nìyí: ká ní ẹ̀yin ni lóòótọ́, suwẹ́tà tó ti já lápá ni mo fi kí yín yẹn, tí ẹtù yín wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, tó ń dúró de ọjọ́ tó dáa ju ọjọ́ tí mo bá tún rí yín.

Bóyá jíjí tí wọ́n ń wí nìyẹn, mi ò mọ̀. Mo fura pé tiwọn níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà fún olùkọ́ pé ọ̀la ò tíì dé. Àmọ́ pé àná ti lọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wúkọ́. Ṣé ẹ rí mi níbẹ̀? Níbi tí ẹ wà, ṣé ẹ ṣì ń gbọn orúnkún, àbí ẹ ti jókòó?

Lónìí, mo ṣí àpótí. Ẹtù náà bá mi mu, ó kàn ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, torí ẹ ga jù mí lọ. Mo wọ̀ ọ́ gba Stockport Road lọ sí kíláàsì nínú òjò. Bàbá Jàmáíkà ṣí fìlà fún mi. Etí agbádá ti fa omi, bóyá kò ní padà sí bó ṣe wà. Gbogbo nǹkan ní í gbó. Olùkọ́ kọ́ wa níyẹn náà, ẹ̀yin àti káfúrà yín nìkan lẹ ò gbà.

Ràṣídá pè mí lórí fídíò.

“Háà, Bàbá mi! Ta ló ń gbéyàwó?”

“Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó.”

“Kí wá ni gbogbo agbádá yìí?”

“Ọjọ́rú ni.”

Mo ti sá a sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kò ní padà sínú àpótí.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń wọ aṣọ yín.