Irin Ìdí Máńgòrò Kò Dún Mọ́

Bàbá mi, ọ̀gá téṣàn rélùwéè abúlé wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi mú bírò.

Ọ̀rọ̀ Màámi ni. Ẹ mọ ìyàwó yín, orí kunkun rẹ̀ kò dínkù. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin kò ti yà sọ́dọ̀ wa mọ́, téṣàn yín ti di ilé ewúrẹ́. Páánù ti ṣí, igbó ti bo ibi tí wọ́n máa ń to agbọ̀n ọsàn sí. Síbẹ̀, ojú irin yẹn náà ni Màámi ṣì ń sá láfún sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó tiwọn lọ sórí àpáta.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe é? Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin ojú ọ̀nà bóyá ó ń gbọ̀n, ẹ ó wá lọ lu àjákù irin tí ẹ so mọ́ igi máńgòrò. Bó bá ti dún, gbogbo obìnrin á palẹ̀ láfún mọ́, ẹni tó gbọ́ á fọwọ́ tọ́ ẹni tí kò gbọ́. Ọkọ̀ á kọjá, wọn á tún sá a padà. N kò rántí pé ẹ jẹ oúnjẹ ọ̀sán yín ní gbígbóná rí.

Àwọn tó ń ṣa irin àlòkù ti jí àjákù irin ìdí máńgòrò náà lọ. Etí Màámi kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó ní òun ń gbọ́, irọ́ ni.

Láìpẹ́ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ kan dé, wọ́n ṣán igbó ojú irin, wọ́n ń di àwọn nọ́ọ̀tì tó ti tú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dán ẹ́ńjìnnì wò lójú ọ̀nà yẹn. Mo sáré wá láti Ìjemọ̀ tí mò ń gbé, mo bẹ Màámi kó bá mi lọ. Ó ní bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, òun á gbọ́ irin. Irin wo?

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo tún lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni mo gbọ́ fèrè. Ẹ́ńjìnnì ti yọ ní kọ́nà. Màámi kọ̀yìn sí i, ó ń yí láfún rẹ̀. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ọ̀nà jìn, Bàbá, n kò lè sáré bá a. Mo rò pé ìṣojú mi ni yóò ti ṣẹlẹ̀.

Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dìde, ó fa àpò tó sá láfún lé kúrò lọ́nà, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ṣí gèlè kúrò lórí rẹ̀.

Mo dì mọ́ ọn. Òun kò tilẹ̀ wò mí. Ìdí igi máńgòrò ló ń wò, inú sì ń bí i. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹ kò lu irin lónìí, ṣé ara yín kò yá ni.

Bàbá, ṣebí ìṣojú rẹ̀ la ti sin yín? Èyí wá ń bà mí lẹ́rù ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ó ń bo oúnjẹ ọ̀sán dè yín báyìí. Ó ní òun kò ní bá mi lọ sí Ìjemọ̀, pé ẹ kò tíì ṣíwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń yọjú sí i lójú àlá, ẹ sọ fún un pé ẹ ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹnu yín nìkan ló máa gbà á gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí àyà rẹ̀ ṣì ń já.