Wáyà Kejì Tí Mo Máa Ń Yọ Lẹ́yìn Server

Èmi ni mo yọ wáyà náà. Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń sọ gbólóhùn yìí fún ara mi, nínú balùwẹ̀, lójú ọ̀nà, níbi tí mo ti ń fọ ilẹ̀, mi ò sì tíì lè sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni... ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Admin, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Ajé, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ayétòrò ni mí. Ìwé mi ò pọ̀, JSS 2 ni mo dé tí bàbá mi fi kú. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Lára àwọn yàrá tí wọ́n pín fún mi ni yàrá kékeré kan tó máa ń tutù bí ọyẹ́, ibẹ̀ ni server, kọ̀ǹpútà ńlá ilé ẹ̀kọ́, wà. Ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun náà máa ń pè mí ní àbúrò mi... ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi, ó sì máa ń dùn mí, bóyá ẹ̀yin obìnrin inú yín mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú máa ń tì mí púpọ̀. Ó tó ọdún kan tí mo ti ń nu yàrá náà kí n tó lè bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé kí ló dé tí kọ̀ǹpútà yìí ò ní ojú tí èèyàn lè máa wò?

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní wọn ò ṣe é kí èèyàn máa wò ó, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ló ń bi í léèrè nǹkan, òun ló sì ń dá wọn lóhùn. Ó ní ohun tó fi yàtọ̀ sí ti orí tábìlì ni pé àwọn tó ṣe é ti mọ̀ pé nǹkan inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí náà wọ́n ti wá arọ́pò sílẹ̀ kó tó bàjẹ́. Ọpọlọ méjì ló ní. Fáànù mẹ́fà tò nínú rẹ̀, wọ́n ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Dísìkì mẹ́jọ wà níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tí èèyàn lè dì mú fà á yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, bí méjì nínú wọn bá sì kú, àwọn mẹ́fà tó kù á gbé ẹrù wọn. Ìrántí inú rẹ̀ pàápàá, bó bá ṣe àṣìṣe kékeré, á rí i, á sì tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí, bí ẹni tó gbà pé yóò yé mi. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ibi méjì tí iná ń gbà wọlé hàn mí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú wáyà tirẹ̀, ó sì fa ọ̀kan yọ. Mo pariwo! Server ò kú. Iná kékeré kan kàn yí padà di àwọ̀ ọsàn. Ó ní ọ̀kan tó ó gbé, èkejì wà fún ọjọ́ tí ọ̀kan bá ṣubú. Ẹ̀yin èèyàn mi, apá àkọ́kọ́ nìkan ni etí mi gbọ́.

Màmá mi ní àrùn rọpárọsẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì wọn ò ṣiṣẹ́, orí ìbùsùn ni wọ́n wà látàárọ̀ dalẹ́. Tiransífọ́mà àdúgbò wa ti jó láti ìgbà òjò, ooru sì ń bó wọn lẹ́yìn. Mo ra fáànù oníbátìrì kan ní Ìdìrókò, èyí tí wọ́n kọ Faransé sí lára, ṣùgbọ́n níbo ni mo ti fẹ́ máa chárjì rẹ̀? Yàrá server nìkan ni iná kì í ti í lọ, gbogbo ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ló sì ti kún. Ẹ̀gbọ́n máa ń lọ sí ẹ̀ka wa ní Ìlaró lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Bó bá ti buwọ́ lùwé láàárọ̀ pé òun wá síṣẹ́, ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi kí n lè nu ilẹ̀. Ni mo bá ń fi àpò gbé fáànù wá lọ́jọ́ méjèèjì, mo ń yọ wáyà kejì kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ń ki ti fáànù bọ ihò rẹ̀. Màmá Ìdáyá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyàwó kọ̀ǹpútà, kí lo dì sínú àpò fún ọkọ ẹ lónìí?” Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Oṣù mẹ́ta nìyẹn o. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣé bí ohun burúkú ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ohunkóhun ò ní ṣẹlẹ̀?

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń fọ ilẹ̀ nígbà tí àwọn fáànù server dákẹ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ lè ba èèyàn lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Mo sáré wọlé, òórùn ohun tó jó gba imú mi. Ibi tí iná ń gbà wọlé tó kù lójú iṣẹ́ ti jó. Mo fa wáyà fáànù yọ, mo ki wáyà kejì padà, server sì hó, ó jí... àfi àwọn dísìkì. Mo ka iná àwọ̀ ọsàn tó wà lára wọn. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ẹ sì rántí pé bí méjì péré bá kú ni àwọn tó kù lè gbé ẹrù wọn. Mo ti fáànù màmá mi sínú àpò, mo tilẹ̀kùn, mo padà sídìí omi tí mo fi ń fọ ilẹ̀.

Máàkì ọdún méjì lọ, iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó fẹ́ jáde náà lọ. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ti pẹ́ jù. Ọmọbìnrin kan jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, mo sì ń fọ ilẹ̀ yí i ká. Kí ni mo jẹ́, ẹ̀yin èèyàn? Irú èèyàn wo ni mo jẹ́?

Wọ́n gbé panel kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú server tí kì í sùn, bí server bá tilẹ̀ kú, òun á ṣì máa ṣọ́ ọ, á máa kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹnìkan yọ wáyà kejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, àti pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni. Ó ní òun ń dán an wò ni, pé lọ́jọ́ yẹn òun gbàgbé láti dá a padà kí òun tó wọkọ̀ lọ sí Ìlaró. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé ná. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, èmi ni mo bá a gbé páálí dé ẹnu géètì. Mo ṣáà ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́. Òun ló sọ̀rọ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kékeré yẹn máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù òun nígbàkúùgbà tí wáyà bá yọ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, òun sì rí fáànù nínú àpò mi. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ó máa ń bi mí láàárọ̀ Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì pé ṣé Màmá rí oorun sùn, tí mo máa ń dáhùn pé wọ́n sùn dáadáa, tí mo rò pé ìkíni lásán ni. Ó mọ̀, ó sì jẹ́ kí n máa ṣe é! Ó wá ní bí wọ́n bá pè mí, kí n sọ pé mo rí òun nínú yàrá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n má fi kún un, kí n má yọ kúrò. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Ìjoun ló wà báyìí, nínú oko gbágùúdá bàbá rẹ̀, ó kàwé tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lé e pẹ̀lú ìwé tó sọ pé òun ló ba server jẹ́, ta ni yóò tún fi server sí ìkáwọ́ rẹ̀? Èmi ò gbé fáànù jáde mọ́, mo sọ fún Màmá pé ó bàjẹ́. Wọ́n ní kò burú, pé ooru náà á lọ. Bí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ mi lọ, iṣẹ́ yẹn la sì fi ń jẹun, èmi àti Màmá. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń pa mí. Ohun tó ń pa mí ni pé bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á mọ̀ pé ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n á mọ̀ pé ó rí i fún oṣù mẹ́ta tó dákẹ́, wọ́n á mọ̀ pé ó purọ́ fún panel. Ṣé mo gbà á là nìyẹn, àbí mo tún bà á jẹ́ sí i? Bí mo bá sì parọ́ tó ní kí n pa, ṣé màá tún lè pe ara mi ní ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀? Mi ò sọ fún un rí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́.

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin iṣẹ́, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni panel ní kí n wá. Akọ̀wé wọn ní kí n má fòyà, pé orúkọ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ bi mí. Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí màá sọ tẹ̀ lé e ni kí ẹ bá mi wá...