Ìhágún Mi Lórí Yàrá Ìjàpá àti Ọ̀dà Ara Ògiri Rẹ̀

Èmi, tí gbogbo ilé tí mo ti gun àkàbà mọ̀ sí Àgídí Akunlé, àbíkẹ́yìn Bírìkìlà Àgbà olóògbé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí ní Ọjọ́ Ajé. Ẹsẹ̀ mi ló kán, orí mi kò kán. Ọpọlọ mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ní Ọjọ́bọ̀ wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Dókítà ní kò séwu. Bí kò bá séwu, kí ló dé tó fi ní kí n fọwọ́ sí ìwé kí òun tó mú ọ̀bẹ?

Àwọn tí mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ ni tíṣà tó kọ́ mi ní ìwé ní abúlé wa, àti akọ̀wé kóòtù tí mo kun ilé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èkíní. Nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀, yàrá ẹ̀yìn jẹ́ tèmi. Inú rẹ̀ ni ìjàpá ìyá mi wà, pẹ̀lú agẹmọ kan àti ejò kan tí kò lóró. Yàrá náà kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí ìjàpá náà bá wà láàyè. Kí akọ̀wé máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ìjàpá kì í kánjú kú.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ télọ̀, ń gbé yàrá iwájú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ó ti sọ ọ́ létí mi rí pé ejò ń nà gbalaja nínú yàrá ńlá, òun àti àwọn ọmọ òun sì tò bí ìṣáná nínú páálí. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ẹ̀rín kò ní kí n má gbọ́ ọ.

Èkejì. Ọ̀dà tí wọ́n gbọdọ̀ fi kun yàrá náà ni ọ̀dà olómi tí kò ní epo nínú, ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, bí èyí tó wà lára pákó kẹta nínú ìsọ̀ mi. Wọn kò gbọdọ̀ fi funfun kùn ún, ìbáà jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n rí i.

Ó lé ní oṣù kan tí mo fi yan àwọ̀ yìí. Mo kun pákó márùn-ún, mo ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ń jókòó wo àwọn ẹran mi. Nígbà tí iná tàn sára pákó funfun, agẹmọ kẹ̀yìn sí i, ó dijú. Nígbà tí mo gbé búlúù wọlé, ejò kò jáde nínú ihò igi rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Pupa, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Pákó kẹta ni agẹmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gùn, tó sì sùn lé lórí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun tí òun jẹ́ ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò bi òun ní àwọ̀ tí òun fẹ́ rí lára ògiri òun rí. Mo ní agẹmọ kì í ṣàròyé. Ó pòṣé, ó lọ.

Ẹ̀kẹta. Alángbá aláwọ̀ ewé méjì tó kú nínú yàrá náà, ẹ̀yìn ilé ni mo sin wọ́n sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe hú wọn.

Bí wọ́n ṣe kú rè é. Mo já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́ kí n tó fọwọ́ kan ògiri yàrá náà. Mo lo ọjọ́ méjìlá nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí n lọ dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nílé. Mo fi ọ̀pá rìn wọlé, mo bá yàrá náà ní kíkùn. Àwọ̀ rẹ̀ bá pákó kẹta mu láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ń dán bí ilẹ̀kùn, òórùn epo sì ti pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alángbá méjèèjì ti kú, ìjàpá kò fẹnu kan oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi jáde sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní òun ni òun kùn ún, inú garawa ọ̀dà olómi tó wà nínú ìsọ̀ mi ni òun ti bu ọ̀dà. Mo pè é ní ọ̀daràn lójú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé, “Àbúrò, ọ̀dà olómi ni wọ́n kọ sí i lára.” Ọjọ́ kẹtàdínlógún rè é, kò sọ ju káàárọ̀ lọ sí mi.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ó fẹ́ yàrá náà. Àwọ̀ tó pò mu jù, ẹni tó ti ń ṣọ́ mi tipẹ́ ló lè pò ó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé náà, ó tún ní òun fi omi fọ búrọ́ọ̀ṣì, kò mọ́, òun sì sọ ọ́ nù. Ta ní ń sọ búrọ́ọ̀ṣì nù bí kì í bá ṣe ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́?

Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi kò jogún ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé sọ fún mi pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún nínú rẹ̀. Nítorí náà, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè ẹlẹ́rìí kejì nísàlẹ̀, mo sì ní kó wá fọwọ́ sí i ní Ọjọ́rú. Ó gbà lẹ́sẹ̀ kan náà, kò bi mí ní nǹkan kan. Ìyẹn náà mú mi fura.

Ẹ̀karùn-ún. Àkàbà gígùn, rólà mẹ́rin àti búrọ́ọ̀ṣì mi gbogbo, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún akunlé ẹlẹgbẹ́ mi tí à ń pè ní Òpó-Iná. Àkàbà náà kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo na ọwọ́ jù. Fún ọlọ́dà tó wà ní ìkóríta, mo fi garawa òfìfo kan sílẹ̀, kó máa fi pọn omi tó ń bù mọ́ ọ̀dà wa.

Ẹ̀kẹfà. Garawa tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti bu ọ̀dà, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo ti ní kí alágbàfọ̀ tó wà níwájú ilé wa bá mi gbé e wá lọ́la, kí n lè kọ àmì ara rẹ̀ síbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo kọ èyí tó kù. Alágbàfọ̀ gbé garawa dé. Lóòótọ́, ọ̀dà olómi ni wọ́n kọ sí i lára. Mo yí i, mo wo ìdí rẹ̀. Wọ́n ti fi ìṣó họ ọ́ síbẹ̀ pé: Ilẹ̀kùn ilé dókítà, èyí tó ṣẹ́kù. Ọwọ́ mi ni. Tíṣà, ẹ bá mọ̀ ọ́n, ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ ṣe máa ń bá mi wí lé e lórí.

Bí àwa akunlé ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí agolo bá ti dípẹtà, a ó da ọ̀dà tó ṣẹ́kù sínú garawa òfìfo yòówù, a ó sì họ ibi tó ti wá sí ìdí rẹ̀. Ọ̀dà elépo ni a fi ń kun ilẹ̀kùn. Télọ̀ kì í yí garawa wo ìdí. Omi kì í sì í fọ epo kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì.

Mo bi alágbàfọ̀ ní ohun tó rí nígbà tí mi ò sí nílé. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ń gbé pákó kẹta jáde sínú oòrùn, bó ṣe ń gbé òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, ó ń fi àwọ̀ kún ọ̀dà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá a mu. Ó ní òru méjì tí ọ̀dà fi ń gbẹ, inú yàrá iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ẹran mi sí, ó sì sùn tì wọ́n kó tó dá wọn padà. Ìyàwó àti àwọn ọmọ sùn sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nítorí ejò. Kò sọ ọ́ fún mi. Èmi náà kò bèèrè.

Èmi ni mo pa alángbá mi.

Tíṣà, ẹ kì í jẹ́ ká fi rọ́bà pa àṣìṣe rẹ́. Ẹ ní ká fa ìlà kan lé e, kí ẹni tó ń kà á lè rí i. Nítorí náà, mi ò ya ìwé yìí.

Èkeje. Mo fagi lé èkíní àti ẹ̀kẹrin. Yàrá ẹ̀yìn àti gbogbo ẹran inú rẹ̀ di ti ẹ̀gbọ́n mi. Kí ó ha ọ̀dà elépo náà kúrò títí yóò fi kan sìmẹ́ńtì, kí ó fi ọ̀dà olómi kùn ún, kí ó sì ṣí fèrèsé fún ọjọ́ mọ́kànlélógún kí ìjàpá tó wọlé. Kí ó wo ìdí garawa. Bí mo bá jí, èmi fúnra mi ni n ó kun yàrá iwájú ní àwọ̀ tó bá wu ìyàwó rẹ̀, àní bó jẹ́ pupa. Ti ọlọ́dà ìkóríta, mi ò fagi lé e.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta:
Àgídí Akunlé

Ẹlẹ́rìí kìíní: Alágbàfọ̀ iwájú ilé. Kò jogún nǹkan kan, ó sì ti ń ráhùn lé e lórí.

Ẹlẹ́rìí kejì: Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ojú egbò mi.

Orúkọ tí mo fa ìlà lé lókè ti nọ́ọ̀sì ni ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó wọ aṣọ tó dára wá, ó mú bírò tirẹ̀ dání. Ó rí ìlà náà, ó ní, “Àbúrò, ẹlẹ́rìí lásán náà, o ò lè fi ṣe mí?” Mo ní kó lọ jókòó. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ. Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ òfin. Bí wọ́n bá ti gbé mi wọlé lọ́la, ẹ sọ ìdí tí mo fi yọ orúkọ rẹ̀ fún un.