Ògiri Ìsàlẹ̀ ní Ìrè

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta 2025
Ògiri òkúta tó kẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀, parí lónìí. Pèpéle mẹ́ta gbáko la ti gé sára òkè ẹ̀yìn ilé Níyì ní Ìrè — ó ku koríko, òdòdó àti ibi ìjókòó. Níyì wà ní Kánádà. Ọ̀gá Fóònù ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí orí fóònù ló ti ń pàṣẹ. Màmá rẹ̀ nìkan ló ń gbénú ilé. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn, àárín fèrèsé wọn àti ògiri ìsàlẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ. Iṣẹ́ ọgbà ńlá àkọ́kọ́ tí èmi Mobọ́lá máa dá ṣe láìsí ọ̀gá lórí mi nìyí. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mi ò mọ ìdí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọ̀gá Fóònù pè kí n tó jẹun ọ̀sán. Kí ni páìpù mẹ́sàn-án ń wá lára ògiri òun? Ó ní ó dà bí ẹni tí imú rẹ̀ ń ṣàn. Mo ní omi òjò tó bá rin ilẹ̀ ẹ̀yìn ògiri gbọ́dọ̀ rí ibi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ti ògiri wó. Ó ní òun ti rí ọgbà tó ju èyí lọ, kò sí páìpù kankan níbẹ̀. "Ẹ bá mi dí gbogbo ẹ̀."
Mo ní, "Ó dáa, sà."
Ó dáa, sà!

Ọjọ́rú, 26
A dí i. Ògúnmọ́dẹdé, bíríkìlà wa, po sìmẹ́ńtì tán, ó ń wò mí ṣáá. "Àǹtí, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Irọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 27
Mo ka ihò tí a dí lẹ́ẹ̀mejì: mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29
A gbin koríko. Màmá ní kí n wá àyè fún ẹfínrín wọn lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá Fóònù ti ní òun ò fẹ́ ewé ọbẹ̀ nínú ọgbà. Mo gbìn ín. Nítorí ẹfínrín, mo lè ṣàìgbọràn. Nítorí ògiri, ẹnu mi wúwo. Ojú ọ̀run ń ṣú níhà Oyè. Mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin
Òjò ńlá lánàá, látọ̀sán dìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ mo gun ọ̀kadà láti Ìkọ̀lé. Ògiri ti là — tín-ín-rín bí òwú, láti òkè délẹ̀ — ó sì ti yọ ikùn díẹ̀. Mo pe Ọ̀gá Fóònù. Kò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: òun wà níbi iṣẹ́ òru, kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo bẹ Màmá kí wọ́n kó lọ sí yàrá iwájú. Wọ́n ní ulé ọmọ àwọn ni, ibi tó bá fi àwọn sí ni àwọn ó wà. Mi ò sọ ìdí fún wọn. Ojú ń tì mí. Mo padà sílé. Mo padà sílé, Ọlọ́run!

Ọjọ́rú, 2
Mo ti dé Ìrè kí aago méje tó lù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ tán.
"O mọ̀, o sì dí i?"
Wọ́n dìde, wọ́n ká aṣọ ìbora wọn, wọ́n mú Bíbélì àti àpò oògùn, wọ́n bọ́ sí yàrá iwájú. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn gbé nǹkan kan.
Mo pe Ògúnmọ́dẹdé. Òun òòlù, èmi òòlù. Ihò àkọ́kọ́ là, omi ẹrẹ̀ tú sí mi láyà. A ti la méje nígbà tí òjò dé. Ó fà mí lápá: "Àǹtí, ó tó! Ẹ jẹ́ á lọ!" A ò tíì dé iwájú ilé tá a fi gbọ́ ìró ògiri. Ìhà ibi tí ihò méjì ṣẹ́kù sí ti wó lu yàrá ẹ̀yìn. Òkúta wà lórí bẹ́ẹ̀dì Màmá.

Ọjọ́bọ̀, 3
Ọ̀gá Fóònù pè, ó ń pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n dí i, èmi ni mo sì dí i. Mo mọ̀ pé kò yẹ." Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ṣàlàyé bẹ́ẹ̀dì fún un: ibi tí orí àwọn máa ń wà, ibi tí ẹsẹ̀ máa ń wà, ibi tí òkúta wà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù, ẹkún ni.
Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Ó ní kí o máa bá uṣẹ́ lọ, kí o mọ ògiri náà bó ṣe yẹ."
Mo fẹ́ dúpẹ́. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.
"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń sùn níbẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan."
Orí òkúta tó wó ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí. Màmá dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wò mí.