Mo Sọ fún Ọlọ́pàá pé Ọmọ Mi Ò Ní Orúkọ Mìíràn

Ọlọ́pàá kọ́ ló jẹ́ ká pàdánù ọmọ mi, èmi ni. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí. Ọkọ mi gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n kò lè kà á, ìyẹn ni mo ṣe lè kọ ọ́ síbí... Tamale ní Ghana la wà, ní Moshie Zongo, ibí ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, a wo ilé, a fi orúkọ ìyá ọkọ mi sọ ọmọbìnrin wa. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ ìyá ọkọ, kódà níbí mi ò lè kọ ọ́. "Ìyá" ni mo ń pè é láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá wá jẹun, Ìyá wá wẹ̀, gbogbo ilé gbà á lẹ́nu mi, orúkọ kan ṣoṣo tí ọmọ náà mọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni.

Kókó àti kóósé, ìyẹn ògì àti àkàrà, ni mo ń tà nítòsí ibùdókọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn oníbàárà pọ̀, mo bu kókó fún ẹni mẹ́ta, mo yíjú padà, Ìyá ò sí mọ́... Mo wá a dé Gurugu, dé Sagnarigu, ẹsẹ̀ mi wú. Nígbà tá a dé téṣàn ọlọ́pàá, ọkọ mi dúró síta, ó ń pe àwọn awakọ̀ lórí fóònù, èmi ni mo wọlé. Ọlọ́pàá náà ò burú o, ó jọ pé ará Kùmásí ni. Ó wo ìwé ìbí tí mo fún un, ó kọ orúkọ, ó kọ aṣọ, ó gba fótò, fótò ìgbà tí kò tíì hu eyín, torí fóònù mi ti já sómi, òun nìkan ló kù. Ó wá bi mí pé ṣé ó ní orúkọ mìíràn tí ẹ ń pè é nílé? Mo ní rárá. Ó tún bi mí. Mo tún ní rárá. Wàláhì, ojú ló tì mí! Àwọn obìnrin tá a jọ ń tajà ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó, pé ọmọ tí mo fúnra mi bí ni mo ń pè ní ìyá. Mo rò ó pé òun náà á rẹ́rìn-ín, mo sì rò ó pé orúkọ inú ìwé ni ìjọba ń fẹ́. Ó kọ "none" síbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ wọn, ẹ gbọ́ o. Wọ́n fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí gbogbo téṣàn lójú ọ̀nà Kùmásí. Nígbà tó pé oṣù márùn-ún tó ti sọnù, ọ̀gá wọn kan pe èmi nìkan, ó ṣí fáìlì, ó kà á fún mi. Ìyá ti gun bọ́ọ̀sì, ó sùn sí ẹ̀yìn, awakọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní ìlú kan lọ́nà. Mẹ́séèjì wa dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n pe orúkọ ìyá ọkọ mi lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò tiẹ̀ gbójú sókè... wọ́n ní òun kọ́. Tí wọ́n bá bi í lórúkọ, á ní Ìyá. Wọ́n wá ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, onítọ̀hún ní ìyá rẹ̀ ló ń pè. Lọ́jọ́ kẹta obìnrin kan dé, ó ń sunkún pé ọmọ òun ni. Wọ́n bi ọmọ mi pé ta nìyí? Ó ní Ìyá. Inú wọn dùn, wọ́n gbé e fún un. Àdírẹ́sì tí obìnrin náà kọ sílẹ̀, kò sírú ilé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Mo ti yọ́ lọ tún fọ́ọ̀mù náà ṣe. Ọkọ mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ bú àwọn ọlọ́pàá pé wọn ò ránṣẹ́ kankan, á padà wálé, màá gbé oúnjẹ fún un. Ìyá rẹ̀ tó ni orúkọ ń gbààwẹ̀, ó ń ṣàdúà fún mi... ṣé kí n wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí n ní ọ̀wọ̀ tí mo bù fún yín ló sọ ọmọ yín nù? Tí mo bá sọ, ilé mi tú. Tí mi ò bá sọ, ó ń jẹ mí run. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má bú mi jù... tàbí ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Mẹ́séèjì tuntun ti lọ, wọ́n ti kọ orúkọ tó ń jẹ́ síbẹ̀, Ìyá. Ọ̀gá yẹn kà á tán, ó mí kanlẹ̀, ó ní màdámù, gbogbo ọmọ tó bá sọnù ló ń ké pe ìyá. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni wọ́n ṣe máa dá tèmi mọ̀?