Ìgò Òwú Funfun

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹsàn-án, 1962

Mo gbà lọ́wọ́ Ojú-Dígí fún kẹrosíìnì: ṣílè mẹ́rin. Mo ná: kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ó kù: ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ méjì. Owó ilé-ìwé Bọ́sẹ̀dé tó wà nílẹ̀: pọ́n-ùn kan àti ṣílè márùn-ún. Mo ti ju èyí tó kù nínú ti kẹrosíìnì sínú agolo owó Bọ́sẹ̀dé.

Ojú-Dígí — Ọ̀gbẹ́ni Alfred nìyẹn, ará Kàbbà, ọ̀gá mi tuntun. Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń wá: èyí tó ń gbé inú àbàtà Gánájà, àti èyí tó ń gbé inú ikùn ọmọ ọwọ́. Ó ní wọn kì í dá gbé, ìlú ni wọ́n ń tẹ̀dó. "Bíi Lọ́kọ́jà gan-an, Ìyá Bọ́sẹ̀dé. Tápà níbí, Ígálà lọ́hùn-ún, Haúsá, Ẹ̀bìrà, àwa náà. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé inú ikùn ọmọ, àti ibi tó ti wá."

Iṣẹ́ tèmi ni ìgò. Òwú pupa lọ́rùn ìgò àbàtà, òwú funfun lọ́rùn ìgò ìgbẹ́ ọmọ. Kí n fi sítóòfù kẹrosíìnì se gbogbo wọn nínú omi híhó kí n tó lò wọ́n.

Kí n se ìgò! Ọṣẹ ńkọ́? Oòrùn ńkọ́? Abọ́ tí a fi ń jẹun pàápàá, ta ló ń sè é?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo lọ sí abúlé Gánájà. Kò sí ìyá tó fẹ́ fún mi ní ìgbẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó gbé ọmọ wọlé. N kò bá a jà. Èmi náà kò jẹ́ fún àlejò ní ti Bọ́sẹ̀dé nígbà tó wà lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ọmọ ẹni níbi, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń wá.

Àdìjátù nìkan ló gbà. Ọmọ Owórò bíi tèmi, ìyàwó Sàláhúdéènì apẹja. Àkọ́bí rẹ̀ ni, ọkùnrin, ọmọ oṣù méjì. Ó kí mi ní ìkíni ilé wa: "Okun o, ẹ̀gbọ́n. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ gbà á." Mo búra fún un pé ibi kan kò ní ti ọwọ́ mi dé bá ọmọ náà. Mo fún un ní sísì, kọ́bọ̀ mẹ́fà tí Ojú-Dígí ní kí n fún ìyá.

Ọmọ tí wọn kò ní fún lómi ni Ojú-Dígí ń fẹ́, ọmú nìkan. Àdìjátù ní òun á ṣe é. Ìyá ọkọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́: "Ọmú nìkan! Kí ọ̀fun ọmọ-ọmọ mi gbẹ bí ẹja yíyan? Ẹ wá wo ìyàwó tó ń ta ìgbẹ́ fún àwọn alákọ̀wé!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àdìjátù náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo fi ọṣẹ fọ ìgò, mo sá wọn sóòrùn. Wọ́n ń dán. Sísì kejì fún Àdìjátù.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo gbà: ṣílè mẹ́rin. Mo ná: òfo. Inú agolo.

Ọjọ́rú, 12

Ìgò olówùú funfun kan ṣoṣo tó kù bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án ni Ojú-Dígí ń yọ nínú owó oṣù fún ìgò kan. N kò sọ fún un. Ìgò àbàtà kan wà nílẹ̀ tó ti ṣófo. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbóòórùn rẹ̀ — ọṣẹ nìkan. Mo tú òwú pupa, mo so funfun, mo gbé e tọ Àdìjátù lọ. Sísì kẹta.

Ọjọ́ Ajé, 17

Mo gbà: ṣílè mẹ́rin. Mo ná: òfo.

Ojú-Dígí ń jó láàárín àwọn tábìlì. "Wọ́n ti débẹ̀! Àwọn ará àbàtà ti kọ́lé sínú ikùn ọmọ Àdìjátù!" Ó ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. N kò mọ ohun tí mo rí, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tí ijó tán, ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn tàn wá. Ó ń fún ọmọ lómi àbàtà." Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ibi tí mo ti gbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ó ní kí n mú òun lọ sí Gánájà. Kò bínú, ó kàn bi Àdìjátù léèrè — ṣùgbọ́n ní gbangba, ìyá ọkọ ń gbọ́. Àdìjátù ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹnu gbà á, omi kò kan ọmọ náà lẹ́nu. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un."

Ohun tí mo sọ rèé, kí n lè máa rí i: "Bóyá ẹlòmíràn ló fún un."

Ìyá ọkọ fò dìde. "Ẹlòmíràn wo? Èmi tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fún un lómi? Wàlláhì, ó ń fún ọmọ mi ní omi ẹrẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń fi ọmú bojú!"

Ọjọ́bọ̀, 20

Agolo Bọ́sẹ̀dé ti wúwo. N kò fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Eunice tó ń ra ẹja ní Gánájà mú ìròyìn wá. Ìyá ọkọ ti ń fún ọmọ lómi àti àgbo láàárọ̀, lálẹ́. Ó ní ẹni tó bá ti mu ti ẹrẹ̀, kó kúkú mu ti ilé. Ọmọ ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná. Sàláhúdéènì sì ti lé Àdìjátù lọ bá bàbá rẹ̀ ní Owórò. Ó ní kó fi ọmọ sílẹ̀.

Ọmọ oṣù méjì. Láìsí ọmú.

Ọjọ́ Àìkú, 23

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ bá Ojú-Dígí nílé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Ìgò mélòó ni ẹ kò sè?"

"Gbogbo wọn, sà."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní iṣẹ́ oṣù yìí ti ṣòfò, kí n má wá mọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ gùn ún lẹ́yìn. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn lójú ìyá ọkọ."

Mo jẹ́wọ́ ní Gánájà, lójú gbogbo ilé. Òwú pupa, òwú funfun, gbogbo rẹ̀. Ìyá ọkọ ní, "Nítorí kẹrosíìnì?" Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló pọn ọmọ lọ sí ọsibítù. Sàláhúdéènì kọrí sí Owórò láìwo ojú mi.

Ọjọ́rú, 26

Eunice ní Àdìjátù ti dé. Ọmú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ṣùgbọ́n ọmọ ti ń mu ún. Ìgbẹ́ gbuuru náà ti dáwọ́ dúró. N kò tí ì lè lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo lọ. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ ti rù, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní, "Okun o." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ sísì mẹ́ta, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi. "Ẹ gbà, Ìyá Bọ́sẹ̀dé."

Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Mo ní owó rẹ̀ ni, ó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wọlé.

Kẹrosíìnì ṣílè mọ́kànlá àti kọ́bọ̀ méjì, ìgò fífọ́ kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án: mo ti san án fún Ojú-Dígí. Agolo Bọ́sẹ̀dé: pọ́n-ùn kan, ṣílè mẹ́rin, tọ́rọ́ kan.

Àdìjátù: ṣílè kan àti sísì. N kò tí ì san.